Fíìmù tí gbogbo ayé ń yìn, èmi sùn lọ nídìí rẹ̀. Ojú mi ni àbí fíìmù náà?

Olùwòran Alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ mí lókùúta, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń tẹ̀lé àwọn àkójọ "fíìmù tó dára jù láyé". Mo ti wo mọ́kànlá. Citizen Kane (1941) ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dá a dúró kí n tó wò ó parí. Olówó kan kú, oníròyìn ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Vertigo (1958) ló tẹ̀lé e. Ọkùnrin yẹn fi mọ́tò tọ obìnrin kiri ìgboro títí, àfi bí mo ṣe ní, "Bọ̀dá, ẹ máa lọ sílé yín." Ti 2001: A Space Odyssey (1968) ló wá pabanbarì. Mo rò pé ohùn tẹlifísọ̀n mi ti bàjẹ́ ni, àṣé fíìmù náà ni kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú 25 kí ẹnikẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan níbẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ìbọn àti iná nìkan ni mo mọ̀, 12 Angry Men (1957) wà nínú àkójọ ọ̀hún náà. Ọkùnrin méjìlá nínú yàrá kan, wọ́n ń jiyàn lórí ẹjọ́ ọmọkùnrin kan, kò sí ìjà, kò sí eré sísá, síbẹ̀ mi ò dìde, kódà láti mu omi. The Shawshank Redemption (1994), mo sunkún. Parasite (2019), ń ṣe ni mo di àyà mú. Òótọ́ ni pé mo fẹ́ràn ìbọn àti iná náà o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo Mad Max: Fury Road (2015) láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè mi rèé: ta ló jẹ̀bi, èmi ni àbí àwọn tó ń yìn wọ́n? Báwo lẹ̀yin ṣe ń mú fíìmù tí ẹ máa wò, ọ̀rọ̀ ta lẹ sì ń tẹ̀lé? Ó ku díẹ̀ kí n fa àkójọ yìí ya.

Ìjókòó Ẹ̀yìn

Kí ẹ tó fà á ya, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ ná. Inú ìwé ìròyìn Sight and Sound ni púpọ̀ nínú àwọn àkójọ wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Láti 1952 ni wọ́n ti ń kó ìbò àwọn lámèyítọ́ jọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Bicycle Thieves, fíìmù Ítálì ọdún 1948, ló kọ́kọ́ gbégbá orókè. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ń wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí gbé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1962 títí dé 2002, Citizen Kane ló jókòó síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún léra wọn. Ní 2012, Vertigo yọ ọ́ nípò. Ní 2022, Jeanne Dielman tí Chantal Akerman ṣe lọ́dún 1975 yọ Vertigo náà. Obìnrin kan ló ń dáná, tó ń tún ilé ṣe, fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 21.

Ẹ ò rí i pé àga ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnì kan? Àwọn tó ń dìbò yẹn, fíìmù wíwò ni iṣẹ́ wọn. Ohun tó ń mú ara tiyín yá gágá ti sú wọn tipẹ́, nítorí náà tí wọ́n bá rí èyí tó kọ̀ tí kò kánjú, inú wọn á dùn. Ojú wọn yàtọ̀ sí tiyín. Mi ò sọ pé ó sàn jù.

Ẹ wá wo IMDb, ìkànnì fíìmù lórí ayélujára. Àwọn òǹwòran bíi tiwa ló ń fún fíìmù ní máàkì níbẹ̀, Shawshank tó pa yín lẹ́kún yẹn ló sì ti wà lókè téńté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà nílé sinimá lọ́dún 1994, owó tí wọ́n fi ṣe é kò wọlé padà. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar méje, ọwọ́ òfo ló gbé padà sílé. Fídíò àti tẹlifísọ̀n ló gbé e dìde. Ká ní ọdún yẹn ni ẹ ń béèrè pé kí lẹ lè wò, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ fún yín.

Onígègé

Mo wo Jeanne Dielman dópin. Mo ti mọ ọ̀dùnkún bó báyìí.

Àǹtí Fíìmù

Onígègé, ìwọ ò ní í yí padà láé. Ọ̀dùnkún yẹn gan-an ni ìtàn náà o. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo nǹkan ń lọ létòlétò. Lọ́jọ́ kejì, ó sè é jù. Ìwọ tí o ti jókòó tì í látọjọ́ yìí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti já nínú obìnrin yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Èyí tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é.

Olùwòran Alẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sí Kane. Ọmọ ọdún 25 ni Orson Welles nígbà tó ń darí rẹ̀. Òun àti Gregg Toland tó ń bá a ya àwòrán ṣe é débi pé ohun tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà jọ ń hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹlòmíì mú ọmọ náà lọ. Àwọn àgbà wà níwájú nídìí tábìlì. Ọmọ ọ̀hún wà lẹ́yìn pátápátá, lójú fèrèsé, ó ń fi yìnyín ṣeré, ó ń pariwo, kò mọ̀ pé wọ́n ti yí ayé òun padà. Gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, ẹ ó máa wo ìyá, ẹ ó sì máa gbọ́ ọmọ. Tí ìyẹn ò bá mú yín, ẹ fi fíìmù náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ohun tó ń ṣe é ni pé àwọn tó wá lẹ́yìn ti kó gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ. Ìtàn tó ń lọ síwájú tó ń padà sẹ́yìn, tí oríṣiríṣi ènìyàn ń sọ bí wọ́n ṣe mọ olóògbé sí, ẹ ti rí irú rẹ̀ láìmọye ìgbà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti bá àwọn ọmọ-ọmọ ṣeré títí kó tó rí bàbá àgbà, tó wá ní bàbá yìí fojú jọ àwọn ọmọ náà jù.

Ojú Lalákàn

Àǹtí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò gbà. Tó bá jẹ́ torí pé ó ṣáájú nìkan ni fíìmù fi dára, ẹ gbé e lọ sílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. 12 Angry Men náà ti dàgbà, dúdú àti funfun ni, ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ò sì dìde mu omi. Casablanca (1942) kò ju ìṣẹ́jú 102 lọ, mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún rí. Ọjọ́ orí kọ́ lẹjọ́. Ṣé fíìmù náà fún yín lẹ́ni tí ẹ lè fọkàn bá rìn? Kane mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkùnrin ọ̀hún jìnnà sí wa ni. Ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbádùn rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ á sùn, àwọn méjèèjì ò sì jẹ̀bi.

Ọgbọ́n kámẹ́rà pọ̀ nínú 12 Angry Men náà. Bí ìjiyàn yẹn ṣe ń le ni Sidney Lumet tó darí rẹ̀ ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, tí ògiri fi ń sún mọ́ àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn. Ó ń sọ kámẹ́rà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Láti òkè orí wọn ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa parí, ìsàlẹ̀ ojú wọn ló wà, àjà yàrá ti ń hàn lókè. Ẹ ò rí ìkankan nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wò ó, ooru yàrá yẹn kàn mú yín ni. Irú ọgbọ́n tí mo fẹ́ nìyẹn, èyí tí kì í pè mí pé kí n wá wo òun.

Àǹtí Fíìmù

Àjà yàrá wà nínú Kane náà, ọdún 16 ṣáájú. Mo ti sọ tèmi.

Ọmọ Ẹ̀rọ

Ẹ̀ ń jà, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọmọlúàbí yìí fi ń wò wọ́n. Ẹ dákun, ẹ tan tẹlifísọ̀n yín, ẹ wọ ibi ètò àwòrán rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba "motion", orúkọ yòówù kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, kí ẹ sì pa á. Àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Tẹlifísọ̀n ìsinsìnyí máa ń hùmọ̀ àwòrán tí kò sí níbẹ̀ rárá, á há wọn sáàárín àwọn gidi, gbogbo nǹkan á wá máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹni pé kámẹ́rà ìròyìn ni wọ́n fi yà á. Ní 2018, Tom Cruise àti olùdarí Christopher McQuarrie ṣe fídíò kan jáde láti fi bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pa nǹkan yìí. Fún bọ́ọ̀lù, ó dára. Fún Vertigo, ìbàjẹ́ ni.

Ojú aṣọ sinimá gbàràmù ni Stanley Kubrick ṣe 2001 fún. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù, ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń gbà wo òkun. Bí ilé sinimá kan bá tún gbé e jáde níbi tí ẹ wà, ẹ má jẹ́ kó fò yín. Bí kò bá sí, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé fóònù lọ sí yàrá kejì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í gùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ tí kò bá sí ohun mìíràn tó ń pè yín.

Ọ̀kan tó kù: tí ẹ bá fẹ́ wo Blade Runner (1982), ẹ kọ́kọ́ béèrè èwo nínú rẹ̀ ni. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ohùn kan tó ń ṣàlàyé ohun tí ojú ti rí, wọ́n sì lẹ ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí Ridley Scott tò fúnra rẹ̀ ní 2007, tí wọ́n ń pè ní Final Cut, kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ìdajì ìjà tí wọ́n ń jà lórí fíìmù yẹn, kì í ṣe nǹkan kan náà ni wọ́n wò.

Olùwòran Alẹ́

Mo ti pa á! Ọdún mẹ́ta ni tẹlifísọ̀n yìí ti ń purọ́ fún mi, mo wá ń bá Hitchcock tó ṣe Vertigo jà.

Ìbéèrè kù o. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi fíìmù sílẹ̀ láàárín? Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí n fún un? Èkejì, mo wo ọ̀kan tí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn lámèyítọ́ jọ, fún ní 96, ó kàn dára náà ni. Kí ló dé?

Ìjókòó Ẹ̀yìn

96 yẹn kì í ṣe máàkì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú lámèyítọ́ ọgọ́rùn-ún, 96 ló ní kò burú. Ẹni tó ní "ó dáa díẹ̀" àti ẹni tó ní "mi ò rí irú rẹ̀ rí", ìbò kan náà ni wọ́n dì. Nítorí náà, fíìmù tí kò múnú bí ẹnikẹ́ni lè gba 100, kí èyí tí àwọn kan ń bọ bí òrìṣà tí àwọn kan sì kórìíra wà ní 55. Èmi, tí mo bá rí 55 báyìí, eré ni mo máa ń sá lọ wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ rí pẹ̀lú Oscar fíìmù tó dára jù. Láti orí àwọn fíìmù ọdún 2009, ń ṣe ni olùdìbò ń tò wọ́n ní ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta. Èyí tí ipò kìíní rẹ̀ kéré jù á jáde, wọ́n á gbé ìbò rẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e nínú ìwé olùdìbò, títí ọ̀kan á fi kọjá ìdajì. Ẹ lè rí i pé kò tó kí àwọn díẹ̀ fẹ́ràn yín kú, ó yẹ kí àwọn tó kù má kórìíra yín. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sọ ààyè márùn-ún di mẹ́wàá, lẹ́yìn tí inú ti bí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé wọn ò dárúkọ The Dark Knight (2008) mọ́ àwọn tó ń du Oscar fíìmù tó dára jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé Hitchcock ò gba Oscar olùdarí rí? Kubrick gba ẹyọ kan láyé rẹ̀, ti idán àwòrán inú 2001 sì ni.

Onígègé

Ìṣẹ́jú 30. Tí fíìmù ò bá tíì dè mí mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, a ti pínyà.

Àǹtí Fíìmù

Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Psycho (1960), o ò ní mọ̀ pé obìnrin tí o rò pé òun ló ni ìtàn náà máa kú kó tó dé ìdajì.

Ojú Lalákàn

Àǹtí! Ẹ ti tú u!

Àǹtí Fíìmù

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ dárí jì mí. Hitchcock fúnra rẹ̀ ìbá bínú sí mi o. Òun ló ní kí ilé sinimá má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́ tí fíìmù yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi nìyí: ṣé ó sú mi ni, àbí mò ń retí nǹkan? Tí mo bá ń retí, mo máa dúró. Tó bá sú mi, mo máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo kéré nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Tokyo Story (1953) ti Ozu. Bàbá àti ìyá arúgbó wá kí àwọn ọmọ wọn, ọwọ́ àwọn ọmọ dí, wọ́n padà sílé. Mo ní ṣé èyí náà ni? Mi ò wò ó parí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo padà sí i, nígbà tí èmi gan-an ti di ẹni tí kì í ráyè pe òbí rẹ̀. Mi ò lè dìde nígbà tó parí.

Akọ̀wé Ìran

Ẹ fi àkójọ yẹn sílẹ̀, Olùwòran Alẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹ ti fẹ́ràn, kí ẹ béèrè bàbá rẹ̀.

Ẹ fẹ́ràn Fury Road? Ẹ wá The General (1926) ti Buster Keaton. Ọkọ̀ ojú irin ń lé ọkọ̀ ojú irin lọ, ó tún ń lé e bọ̀, bí Fury Road ṣe lọ tó bọ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ohùn, kò sí kọ̀ǹpútà. Keaton fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí irin tó ń yí àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ojú irin gidi ni wọ́n sì jẹ́ kó já láti orí afárá tó ń jó. Ẹ fẹ́ràn Shawshank? Ẹ wo A Man Escaped (1956) ti Robert Bresson. Orúkọ fíìmù náà ti sọ ìparí fún yín, síbẹ̀ ọkàn yín ò ní balẹ̀. Parasite, ẹ lọ wo The Housemaid (1960) ti Kim Ki-young. Bong Joon-ho tó ṣe Parasite alára máa ń dárúkọ rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àtẹ̀gùn ilé yẹn dáadáa. 12 Angry Men, ẹ gbé Rashomon (1950), ìṣẹ́jú 88 péré: wọ́n pa ọkùnrin kan nínú igbó, ẹni mẹ́rin rojọ́, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu.

Tó bá jẹ́ wákàtí kan péré lẹ ní, Black Girl (1966) ti Ousmane Sembène. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ère ojú tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má sì wo èyí tí wọ́n fi èdè mìíràn bo ohùn wọn mọ́lẹ̀ o. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀ ń kàwé mọ́.

Ojú Lalákàn

Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó wúlò fún mi jù ni èyí tí ọ̀rọ̀ wa kì í bá mu rí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ka ti ẹnì kan. Tó bá ti ní fíìmù kan "ń pariwo, kò sinmi", mo ti mọ ibi tí màá wà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò ṣì mí lọ́nà lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹni tó ń yìn ín lónìí, tó ń bú u lọ́la gẹ́gẹ́ bí ayé ṣe ń wí, ìyẹn ni kò wúlò.

Olùwòran Alẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo wá jábọ̀.

The General: mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ mi jí, òun náà jókòó tì mí, a jọ wò ó parí. Ọmọ ọdún méje, fíìmù tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò béèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Rashomon: èmi àti ìyàwó mi ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó purọ́ jù. Òun ní gbogbo wọn, èmi ní agégi yẹn ni. Òjò inú fíìmù yẹn nìkan tó wò. A Man Escaped, mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ṣíbí kan dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí Vertigo, lẹ́yìn tí mo ti pa ìranù tẹlifísọ̀n yẹn. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo rí i pé fíìmù náà gan-an ò fẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn sì yí gbogbo mọ́tò wíwà yẹn padà lójú mi. Kane, mo wo ibi ojú fèrèsé tí Àǹtí sọ, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára gan-an. Mo wá pa á, mo lọ sùn.

Àǹtí, ẹ má bínú.

Seven Samurai (1954) ló kàn lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 27. Wọ́n ní Kurosawa tó darí rẹ̀ fi ìsinmi sáàárín rẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá mu omi.